Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Kẹ̀kẹ́ Wo Ni Ó Bá Ọmọ Yín Mu?

Ìwé tí mo rí gbà láàárín oṣù méjì yìí lórí ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọdé pọ̀ ju èyí tí mo rí gbà lórí ibà lọ, èyí sì yà mí lẹ́nu. Ìsinmi ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ bàbá ni ó ti ṣèlérí pé bí ọmọ òun bá ṣe dáadáa nínú ìdánwò, òun yóò ra kẹ̀kẹ́ fún un. Ọmọ sì ti ṣe dáadáa, ìlérí ti di gbèsè. Kí n tètè sọ ọ́ pé kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá tí ń kó èrò ni mò ń wí. Kẹ̀kẹ́ ológeere ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni, èyí tí ọmọ ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wà.

Ohun rere ni kẹ̀kẹ́ jẹ́ fún ọmọ tí a ń tọ́ ní ìlú ńlá. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá nímọ̀ràn pé kí ọmọ tí ó wà láàárín ọdún 5 sí 17 máa lo ara rẹ̀ dáadáa fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 60 lójoojúmọ́. Ọmọ tí ó jẹ́ pé inú ọkọ̀ ni ó ti ń bọ́ sí inú kíláàsì, tí ó tún ń ti inú kíláàsì bọ́ sí iwájú tẹlifíṣọ̀n, níbo ni yóò ti rí ìṣẹ́jú 60 náà? Kẹ̀kẹ́ a máa mú kí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣiṣẹ́ dáadáa, a máa fún iṣan ẹsẹ̀ ní agbára, a sì máa jẹ́ kí ọmọ sùn wọra lálẹ́. Nítorí náà, ẹ má rò pé mo fẹ́ kó ẹ̀rù bá yín kí ẹ má ra kẹ̀kẹ́. Ẹ rà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lórí bí ó ti yẹ kí ó tóbi tó.

Àwa Yorùbá a máa rán aṣọ ọdún ọmọ ní ńlá. Ìyá yóò sọ fún télọ̀ pé, “Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un o, ó ń dàgbà.” Télọ̀ yóò ṣẹ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè ní ìṣẹ́po méjì, bí ó bá di ọdún tí ń bọ̀ wọn yóò tú ọ̀kan. Ọgbọ́n ni, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Bàtà pàápàá, a lè ki òwú bọ̀ ọ́ ní iwájú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá mú ọgbọ́n yìí kan náà lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ta kẹ̀kẹ́, ewu ni a fi owó wa rà wálé. Aṣọ tí ó tóbi kì í gbé ọmọ sáré.

Láìpẹ́ yìí, mo bá aládùúgbò mi kan lọ sí ọjà tòkunbọ̀ láti ra kẹ̀kẹ́ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 7. Ẹni tí ń tajà gbé kẹ̀kẹ́ kan tí a kọ 24 sí ara táyà rẹ̀ jáde, ó nù ún, ó ń dán. Ó ní, “Màmá, èyí ni kí ẹ gbé. Á gùn ún títí tí yóò fi dé sẹ́kọ́ńdìrì.” Mo ní kí wọ́n gbé ọmọ lé e. Wọ́n gbé e lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń fì dirodiro. Ẹni tí ń tajà ní, “Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ó máa mọ́ ọn lára.” Mo ní, “Ọmọ mi, ilẹ̀ kò ní gòkè wá bá a.” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e padà. N kò bá a wí. Ọjà rẹ̀ ni ó ń tà, ohun tí gbogbo òbí sì máa ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ náà ni ó gbé wá fún wa.

BÍ A ṢE Ń WỌN ỌMỌ

Nọ́ńbà tí ẹ ń rí ní ara táyà, 12, 14, 16, 18, 20 tàbí 24, ni ìwọ̀n táyà láti etí kan dé etí kejì ní ínṣì. Kẹ̀kẹ́ 26 ti kúrò ní ti ọmọdé, ti àwọn tí ó ti bàlágà ni. Àwọn tí ń ṣe kẹ̀kẹ́ sábà máa ń sọ pé 12 wà fún ọmọ bí ọdún 3, 16 fún ọdún 4 sí 6, 20 fún ọdún 6 sí 9, 24 fún nǹkan bí ọdún 9 sí 12. Kò burú láti mọ èyí, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí a máa tan ènìyàn jẹ. Ẹ lọ wo ìlà tí àwọn ọmọ ń tò ní òwúrọ̀ ní ilé ìwé: ọmọ méjì tí a bí ní oṣù kan náà, ọ̀kan yóò ga dé etí èkejì ni. Àwọn kẹ̀kẹ́ tí ń jẹ́ 20 pàápàá kì í ga bákan náà. Ìjókòó ọ̀kan lè fi ìka mẹ́ta ga ju ti èkejì lọ. Ẹsẹ̀ ọmọ ni kí ẹ wọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ wọ bàtà tí yóò máa fi gun kẹ̀kẹ́, kí ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, kí ó ya ẹsẹ̀ díẹ̀. Ẹ mú ìwé kan tí èèpo rẹ̀ le (kì í ṣe Bíbélì tàbí Kùránì o), kí ẹ fi sí àárín itan rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ sì máa gbé e sókè jẹ́jẹ́ títí yóò fi kan ibi tí itan méjì ti pàdé, bí ẹni pé orí ìjókòó kẹ̀kẹ́ ni ọmọ wà. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà sí ara ògiri níbi tí orí ìwé náà dé. Ẹ wá fi téèpù télọ̀ wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé ìlà yẹn. Òun ni nọ́ńbà tí ẹ ó mú lọ sí ọjà, téèpù náà kí ó sì wà nínú àpò yín.

Bí ọmọ kò bá tíì mọ kẹ̀kẹ́ gùn, orí ìjókòó kò gbọdọ̀ ga ju nọ́ńbà náà lọ. Bí ó bá jókòó, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, gìgísẹ̀ àti ìka. Ìgbà tí ẹ̀rù bá bà á, ẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ nà sílẹ̀. Bí ó bá ti mọ̀ ọ́n gùn, tí ó sì mọ bíréèkì lò, ẹ lè gbé ìjókòó sókè ní ínṣì 2 sí 3, kí ó jẹ́ pé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni yóò máa kan ilẹ̀. Ọmọ aládùúgbò mi tí mo sọ yìí, sẹ̀ǹtímítà 55 ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ 24 ti ọjọ́ náà, nígbà tí a rẹ ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, 70 ni ó jẹ́. Ẹ ṣírò rẹ̀.

Ó yẹ kí ẹ wo irin gbọọrọ tí ó dábùú láti abẹ́ ìjókòó lọ sí ọ̀dọ̀ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà. Kí ọmọ gbé ẹsẹ̀ kan kọjá rẹ̀, kí ó dúró lórí ilẹ̀. Ó kéré tán, àlàfo ínṣì 1 gbọ́dọ̀ wà láàárín irin náà àti ara ọmọ, bí ó bá tó 2 ó tún dára jù. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ̀ tí ó sì já lu irin tí kò fi àyè sílẹ̀, ojú ara ni yóò fi gbà á, ọkùnrin tàbí obìnrin. Mo mọ̀ pé àwọn àgbàlagbà kan wà tí wọn kì í jẹ́ kí ọmọbìnrin gun kẹ̀kẹ́, tí wọ́n ń sọ pé yóò ba obìnrin ara rẹ̀ jẹ́. Kò sí òtítọ́ nínú rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí ó ga jù ni ó ń ṣe ọmọ léṣe, kì í ṣe gígun kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ tí irin àárín rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀, èyí tí a máa ń pè ní ti obìnrin, ni èmi ìbá rà fún ọmọkùnrin kékeré pàápàá, nítorí ó rọrùn láti bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀n tàbí Amẹ́ríkà ni yóò fi kẹ̀kẹ́ ránṣẹ́, ẹ má kàn wí fún un pé ọmọ ti pé ọdún 7. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí i.

ÀYÈ ÌDÀGBÀ

Bàbá kan yóò wí pé, “Ó dára, ṣùgbọ́n ṣé ọdọọdún ni kí n máa ra kẹ̀kẹ́ ni?” Rárá, sà. Láti bí ọdún 4 títí di ìgbà tí ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bàlágà, ó sábà máa ń fi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6 ga sí i lọ́dún. Bí ìdajì rẹ̀ ni ó máa ń bọ́ sí ẹsẹ̀. Ìyẹn ni pé bíi sẹ̀ǹtímítà 3 ni ìjókòó kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yóò máa gòkè lọ́dún kan. Irin tí ó gbé ìjókòó dúró máa ń wọ inú egungun kẹ̀kẹ́ lọ jìnnà; a lè tú ìdè rẹ̀, kí a fà á sókè, kí a tún dè é. Bí ẹ bá ra kẹ̀kẹ́ tí ó bá ọmọ mu lónìí pẹ̀lú ìjókòó rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, tí irin náà sì ṣeé fà sókè tó sẹ̀ǹtímítà 9 tàbí 10, ọdún mẹ́ta ni ẹ rà yẹn. Inú irin yìí ni àyè ìdàgbà wà, kì í ṣe nínú táyà ńlá.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ìlà kan wà tí wọ́n gbẹ́ sí ara irin náà. A kò gbọdọ̀ fà á jáde débi tí ìlà yẹn yóò fi hàn síta, nítorí irin lè ṣẹ́ tàbí kí ó yọ mọ́ ọmọ nídìí. Ìgbà tí ìlà bá ti fẹ́ hàn, kẹ̀kẹ́ ti di ti àbúrò. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ìparí táàmù kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń yẹ yúnífọ́ọ̀mù wò.

Kẹ̀kẹ́ tí ó kéré jù náà kò dára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ewu rẹ̀ kò tó ti èyí tí ó tóbi. Bí ọmọ bá ń sọ pé iwájú orúnkún ń dun òun, ó ṣeé ṣe kí ìjókòó ti lọ sílẹ̀ jù fún un. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn orúnkún, tàbí tí ẹ rí i pé ìbàdí rẹ̀ ń fì sọ́tùn-ún sósì bí ó ti ń wà á, ìjókòó ga jù. Bí pẹ́dà bá wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, orúnkún gbọ́dọ̀ tẹ̀ díẹ̀.

ỌWỌ́ KẸ̀KẸ́ ÀTI IKÙN ỌMỌ

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ sọ báyìí. Ọ̀pọ̀ òbí ń bẹ̀rù kí orúnkún ọmọ má bó. Orúnkún bíbó kò tó nǹkan. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ bẹ̀rù.

Ọmọ tí kẹ̀kẹ́ bá tóbi fún kò lè fi ọwọ́ nìkan yí i. Gbogbo ara ni yóò fi tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ń ṣubú, táyà iwájú a máa yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yóò sì nà ṣánṣán sí ikùn rẹ̀, òun yóò sì wó lé e. Kò dìgbà tí ó bá ń sáré. Awọ ikùn ọmọdé fẹ́lẹ́, iṣan rẹ̀ kò tíì le, ẹ̀dọ̀ àti ọlọ inú rẹ̀ kò sì jìnnà sí ibi tí irin náà yóò gún. Irin náà lè tẹ ìfun mọ́ egungun ẹ̀yìn, tàbí kí ó fọ́ ẹ̀yà kan tí ó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, tí ń ṣe oje tí ń jẹ́ kí oúnjẹ dà. Ní ìta ara, ohun tí ẹ ó rí lè má ju àmì róbótó kan lọ, bí ẹni fi ìdérí ìgò tẹ̀ ẹ́.

Ní ìgbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, wọ́n gbé ọmọkùnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 8 wá ní ọwọ́ àárọ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ àná ni ó ti ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé wọn yóò gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jẹun alẹ́ díẹ̀, ó ní inú ń run òun, ìyá rẹ̀ rò pé ẹ̀wà ni, ó fún un ní oògùn inú rírun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ń bì, ikùn rẹ̀ le gbandi, ojú rẹ̀ funfun. Nígbà tí mo ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè ni a rí àmì róbótó náà lókè ìdodo. Mo béèrè pé, “Ọkọ mi, kí ni ó gún ọ níbí?” Ó wo ojú bàbá rẹ̀ kí ó tó dáhùn. Ọjọ́ náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ó pẹ́ lọ́dọ̀ wa, ó sì gbádùn, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé wọ́n tún fi ọjọ́ kan dúró, n kò mọ ohun tí à bá máa wí.

Nítorí náà, bí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bá gún ọmọ yín níkùn, ẹ má dúró kí ara rẹ̀ wú kí ẹ tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, pàápàá bí ẹ bá rí àmì, tàbí tí inú ń run ún tí kò dáwọ́ dúró, tí ó ń bì, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí ara rẹ̀ funfun tàbí tí ó tutù, tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n, tàbí tí èjìká òsì ń dùn ún láìjẹ́ pé ó fi èjìká gbá nǹkan. Ẹ má fi òróró wọ́ ọ níkùn, ẹ má fún un ní àgbo, ẹ má sì fún un ní oúnjẹ títí dókítà yóò fi rí i. Kí ẹ sì sọ ọ́ gedegbe fún dókítà pé, “Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ni ó gún un.” Gbólóhùn yìí yóò jẹ́ kí ó mọ ibi tí yóò wá ọ̀rọ̀ náà lọ. Kí ẹ tó rán ọmọ jáde rárá, ẹ wo orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ méjèèjì bóyá rọ́bà rẹ̀ wà níbẹ̀. Nínú tòkunbọ̀, ó sábà máa ń já tàbí kí ó ti jẹ; irin tí ó wà níhòòhò a máa gé ara bí ọ̀bẹ. Rọ́bà tuntun kò wọ́n.

Mo gbọ́ tí àwọn bàbá ń sọ pé, “Ṣebí kẹ̀kẹ́ Raleigh àwọn bàbá wa ni àwa náà fi kọ́ ọ.” Òótọ́ ni. Táyà ínṣì 28 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ní, àwọn ọmọ a máa ki ẹsẹ̀ kan bọ abẹ́ irin, wọn a sì máa wà á ní ẹ̀gbẹ́ kan bí akàn. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò ṣèṣe ni ó ń ròyìn rẹ̀ fún wa lónìí. Ní àkókò náà pàápàá, ọkọ̀ àti ọ̀kadà kò tíì pọ̀ báyìí ní ìgboro.

BÍRÉÈKÌ ÀTI AKOTO

Bí ìjókòó bá tilẹ̀ bá a mu, kí ẹ jẹ́ kí ọmọ di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, kí ó sì na ìka sí bíréèkì láìṣí ọwọ́ kúrò. Bí ìka rẹ̀ kò bá dé e, tàbí tí ó ní láti fi ọwọ́ méjèèjì fa ọ̀kan, kẹ̀kẹ́ náà kò tíì yẹ ẹ́. Lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ kẹ̀kẹ́, ìdè kékeré kan wà ní ìdí bíréèkì tí a fi ń fà á súnmọ́ ìka. Ẹni tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe yóò bá yín ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra tòkunbọ̀, ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: kẹ̀kẹ́ tí ó wá láti ìlú Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, bíréèkì ọwọ́ ọ̀tún ni ó sábà máa ń mú táyà iwájú, ti Amẹ́ríkà, ọwọ́ òsì ni. Ọmọ tí ó ti mọ́ lára láti fa ọ̀kan, tí ó wá bọ́ sórí èkejì, lè fi gbogbo agbára mú táyà iwájú lójijì, kí ó sì ré kọjá lórí kẹ̀kẹ́. Ẹ gbé táyà sókè, ẹ yí i, ẹ fa bíréèkì kọ̀ọ̀kan, ẹ fi han ọmọ.

Ní ti kíkọ́, n kò fẹ́ràn àwọn táyà kéékèèké méjì tí wọ́n ń dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́, nítorí ọmọ kì í kọ́ bí a ti ń dúró lórí kẹ̀kẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ tú pẹ́dà méjèèjì kúrò, ẹ rẹ ìjókòó sílẹ̀, kí ó máa fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ lọ ní ibi tí ó tẹ́jú. Ọ̀pọ̀ ọmọ kì í pẹ́ mọ̀ ọ́n báyìí. (Pẹ́dà òsì kì í tú bí ti ọ̀tún: apá tí a ń yí nǹkan sí láti dè é ni a ń yí i sí láti tú u. Ọ̀pọ̀ bàbá ni ó ti ba ojú irin jẹ́ níbi yìí.)

Kí akoto wà lórí rẹ̀, èyí tí a ṣe fún kẹ̀kẹ́, kì í ṣe ti ọ̀kadà tí ó wúwo fún ọrùn ọmọ. Kí ó jókòó pẹrẹsẹ lórí, kí ó má ju ìka méjì lọ láàárín etí rẹ̀ àti ìpéǹpéjú òkè. Kí okùn rẹ̀ fún tó bẹ́ẹ̀ tí ìka kan nìkan yóò fi lè wọ abẹ́ àgbọ̀n. Akoto pẹ̀lú, ẹ má ra ńlá.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ra kẹ̀kẹ́ ńlá, ẹ má tà á ní ìtakútà. Ẹ tú afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀ díẹ̀, ẹ fi epo pa ṣéènì, kí ẹ gbé e kọ́ ògiri níbi tí òjò kò dé, yóò dúró de ọmọ. Tàbí kí ẹ wò ó bóyá ilé kan wà ní àdúgbò tí kẹ̀kẹ́ ti kéré fún ọmọ wọn, kí ẹ fi èyí gba tiwọn fún ọdún kan tàbí méjì. Aládùúgbò mi kò ra 24, ó gbé 20 pupa kan tí ìjókòó rẹ̀ lọ sílẹ̀ dé 54. Ẹni tí ó bá ṣì ń ṣiyèméjì, kí ó kọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ àti nọ́ńbà ara táyà ránṣẹ́ sí mi, kí ó má sì gbàgbé láti sọ bóyá ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n gùn tàbí kò tíì mọ̀ ọ́n.